15 kan, 10 mẹ́rin, àbí 10 méjì: àpótí sípíkà wo ni ká rà fún gìtá báàsì?

Ìbéèrè láti Kétu, ní Benin:

Gìtá báàsì olókùn márùn-ún ni mò ń fi ṣeré nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. A máa ń ṣeré nínú ìjọ, a tún máa ń jáde lọ síbi ìsìnkú àti ìgbéyàwó, láti Kétu dé Pobè títí dé Àjàṣẹ́. Takisí la fi ń kó ẹrù. 300 wáàtì ni wọ́n kọ sẹ́yìn áńpílì wa, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tí a ó so mọ́ ọn kò gbọdọ̀ dín ní 4 óòmù, ìyẹn ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná. Ẹni tó ń ta ẹrù òkèèrè ní Kútọnu ní báfù (àpótí sípíkà) mẹ́ta tí a lè yàn nínú wọn: ọ̀kan ní sípíkà ínṣì 15 kan ṣoṣo, ọ̀kan ní 10 mẹ́rin, ọ̀kan ní 10 méjì. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní 15 ni báàsì, pé ẹnu kékeré ò lè sọ ọ̀rọ̀ ńlá. Àwọn ọ̀dọ́ ní 10 mẹ́rin ló ń dún ketekete. Kò sẹ́ni tó dárúkọ 10 méjì. Èwo ni ká mú?

* * *

10 méjì tí kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ yẹn ni màá kọ́kọ́ lọ wò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tí sípíkà ń tì ló ń di ohùn báàsì. Ohun méjì ló ń pinnu bí afẹ́fẹ́ náà ṣe máa pọ̀ tó: bí bébà sípíkà (ojú rẹ̀ tó ń gbọ̀n) ṣe fẹ̀ tó, àti bí bébà ọ̀hún ṣe lè rìn síwájú sẹ́yìn tó kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Àwọn tó ń jà lórí 15 àti 10, fífẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kà, wọn kì í sì í kà á pé.

Bébà sípíkà 15 kan fẹ̀ tó nǹkan bí 855 cm². Ti 12 tó 530, ti 10 tó 345. Nítorí náà 10 méjì jẹ́ 690, 10 mẹ́rin sì jẹ́ 1380. Ní ti fífẹ̀ nìkan, 10 mẹ́rin ti fi 15 sílẹ̀ jìnnà. Ẹ wá fi ìrìn bébà kún un. Bí bébà 15 olówó pọ́ọ́kú bá ń rìn mílímítà 3, afẹ́fẹ́ tó ń tì jẹ́ nǹkan bí 256 cm³. Bí 10 méjì tó dáa bá ń rìn mílímítà 5, wọ́n ń ti 345 cm³. Ẹnu kékeré méjì ti sọ ọ̀rọ̀ tó ju ti ẹnu ńlá kan lọ.

Ìgbàgbọ́ pé 15 ni báàsì ní orísun. Ní 1951 ni ilé iṣẹ́ Fender gbé gìtá Precision Bass jáde, ní 1952 wọ́n ṣe áńpílì Bassman fún un, sípíkà 15 kan ló sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àwọn ọdún 1950 tó parí, Fender fúnra wọn ti sọ Bassman di 10 mẹ́rin. Ní 1969, ilé iṣẹ́ Ampeg gbé áńpílì SVT dé pẹ̀lú àpótí onísípíkà 10 mẹ́jọ. Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe é ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ yìí.

* * *

Ẹnì kan kọ̀wé láti Àjàṣẹ́: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. 15 tó wà ní ìjọ wa, bí wọ́n bá ta okùn E, àga ń mì. 10 kankan ò ṣe irú ẹ̀ rí.”

Mo gbà pé àga ń mì. Ohun tó ń mì ín gan-an ló yẹ ká wò. Okùn E ìsàlẹ̀ wà ní 41 Hz (iye ìgbà tó ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan), okùn B ti olókùn márùn-ún wà ní 31 Hz. Àpótí tó ń gbé 31 Hz jáde bó ṣe yẹ ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ohun tí etí wa ń gbọ́ jù lọ nínú okùn B ni àwọn ìlọ́po rẹ̀, 62 àti 93 Hz, ọpọlọ wa ló sì ń fi ìpìlẹ̀ 31 tí kò jáde kún un. Ọ̀pọ̀ àpótí 15 olówó kékeré ni wọ́n ṣe kí ohùn wọn wú láàárín 80 sí 120 Hz. Ibẹ̀ gan-an ni gbọ̀ngàn onísímẹ́ńtì tí wọ́n fi páànù bò máa ń hó sí. Àpótí wú u, ilé tún wú u, àga bá ń mì, ẹ ò sì mọ̀ bóyá E ló ta tàbí F.

Ẹ gbé àpótí kan náà síta, lábẹ́ kánópì níbi ìsìnkú, kò sí ògiri tí yóò ràn án lọ́wọ́ mọ́. Nígbà náà lẹ ó rí i pé ohùn rẹ̀ rọ̀. Ẹni tó ń béèrè yìí ń ṣeré nínú ilé àti níta. Ìta ló yẹ kó fi ra ọjà, nítorí pé bí agbára bá pọ̀ jù nínú ilé, ẹ lè dín in kù. Bí kò bá tó níta, kò sí ohun tí ẹ lè yí.

* * *

Nípa wáàtì, ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára bébà àlẹ̀mọ́ gbọ́ pátápátá. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n máa ń kọ. RMS tàbí AES ni agbára tí sípíkà lè gbà fún ìgbà pípẹ́. “Program” jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀, “peak” jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. Èyí tí wọ́n kọ 1000 sí gàdàgbà lè jẹ́ 250 RMS. Bí wọn ò bá kọ oríṣi tó jẹ́ rárá, ẹ kà á sí “peak”.

Ohun tó tún ṣe pàtàkì ju wáàtì lọ ni iye dB (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ń ròkè tó) tí àpótí ń mú jáde bí a bá fún un ní wáàtì 1, tí a sì wọ̀n ọ́n láti mítà 1. Gbogbo dB 3 tó bá dín, ẹ nílò ìlọ́po méjì wáàtì láti dé ibì kan náà. Àpótí 100 dB tí ẹ fún ní wáàtì 100, àti àpótí 94 dB tí ẹ fún ní 400, ohùn wọn dọ́gba. Ẹ̀yin tí ẹ ní áńpílì 300, àpótí 94 dB á jẹ yín run. Ẹ má lọ sísàlẹ̀ 97.

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé àpótí òun kéré, ó ń sọ̀kalẹ̀ dé ohùn ìsàlẹ̀ gan-an, ó sì tún ń pariwo pẹ̀lú wáàtì díẹ̀, ẹ bi í léèrè èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò ṣe. Ìṣẹ̀dá àpótí ò gbà ju méjì lọ. Àpótí tó kéré tó sì ń sọ̀kalẹ̀ á fẹ́ wáàtì rẹpẹtẹ. Èyí tó kéré tó sì ń pariwo kò ní í sọ̀kalẹ̀.

* * *

Ìbéèrè mìíràn: “Ṣé a ò lè ra 15 àti 10 mẹ́rin, ká gbé ọ̀kan lé èkejì? 15 fún ìsàlẹ̀, 10 fún òkè.”

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń ṣe é, ó sì ń dùn ún wò lórí pèpéle. Ṣùgbọ́n áńpílì ò mọ èyí tó wà fún ìsàlẹ̀ tàbí fún òkè, ohùn kan náà ló ń gbé lọ sínú méjèèjì. Bí àpótí méjèèjì bá jẹ́ 8 óòmù, ìdajì agbára á lọ sínú 15 nìkan, ìdajì tó kù á pín sí 10 mẹ́rin. Sípíkà 15 yẹn ń gba ìlọ́po mẹ́rin ohun tí 10 kọ̀ọ̀kan ń gbà, òun ló sì máa kọ́kọ́ sunkún. Lẹ́yìn náà, ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde lára àpótí méjèèjì kì í sábà wà ní ìwọ̀n kan náà, nítorí náà ibì kan máa ń wà nísàlẹ̀ tí ọ̀kan ti ń tì tí èkejì ń fà, tí ohùn á sì jẹra wọn run. Nígbà mìíràn ó máa ń bá ara mu. Ẹ ò lè mọ̀ àfi tí ẹ bá ti sanwó.

Ewu óòmù tún wà níbẹ̀. Bí a bá so àpótí méjì pọ̀ mọ́ áńpílì kan, óòmù wọn ń lọ sílẹ̀ ni. 8 pẹ̀lú 8 jẹ́ 4, ó dáa fún áńpílì yín. 4 pẹ̀lú 4 jẹ́ 2. 8 pẹ̀lú 4 jẹ́ 2.67. Méjèèjì tó gbẹ̀yìn yìí ti dín sí ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn áńpílì. Ó lè máà jó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Á máa gbóná, á máa pa ara rẹ̀ láàárín orin, títí di ọjọ́ tí kò ní tàn mọ́. Ọ̀pọ̀ 10 mẹ́rin tó wà lọ́jà ló jẹ́ 4 óòmù: bí ẹ bá ra irú rẹ̀, ẹ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àpótí kejì nìyẹn.

Ìdí tí mo fi mú 10 méjì nìyí. Ẹ ra ọ̀kan tó jẹ́ 8 óòmù. Áńpílì 300 sábà máa ń fún 8 óòmù ní nǹkan bíi 170 sí 200, ó sì tó fún ìjọ àti fún ìgbéyàwó inú ilé. Nígbà tí owó bá tún wọlé, ẹ ra ìkejì rẹ̀ gan-an, irú kan náà, òǹtẹ̀ kan náà. Áńpílì á wá fún yín ní 300 rẹ̀ pé, bébà tí ń ti afẹ́fẹ́ á di ìlọ́po méjì, àpapọ̀ rẹ̀ sì lè fi tó 5 tàbí 6 dB kún ohùn yín. Sípíkà 10 mẹ́rin náà lẹ ti ní yẹn, ṣùgbọ́n méjì méjì ló wà nínú takisí, ẹni kan sì lè gbé e. Bí ibi tí ẹ ń lọ bá kéré, ẹ fi ọ̀kan sílé.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan láti Àjàṣẹ́ ní 10 mẹ́jọ ti Ampeg tó rí bí fìríìjì yẹn ni àpótí tó tóbi jù, nítorí náà òun ló ń sọ̀kalẹ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n, ẹ máà bínú, kò rí bẹ́ẹ̀. Àpótí tí wọ́n dí pa ni, kò ní ihò, ohùn rẹ̀ sì ti ń dín kù kó tó sọ̀kalẹ̀ dé 50 Hz. Ohun tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ó ń pariwo, ó ń gbún àyà, ohùn rẹ̀ sì ń dé etí ẹni tó ń ta á nítorí gíga rẹ̀. Ó lé ní 60 kílò. Ẹni tó ní ọkọ̀ àti ọkùnrin mẹ́rin ló wà fún.

Nípa àpótí tí wọ́n dí pa àti èyí tó ní ihò: oníhò ń fún yín ní ohùn sí i títí dé ibi tí wọ́n yí ihò rẹ̀ sí, tó sábà máa ń wà láàárín 40 sí 55 Hz. Tí ohùn bá ti kọjá ibẹ̀ sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ò di bébà mú mọ́, bébà á máa rìn kọjá ààlà rẹ̀. Okùn B ní 31 Hz wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ pátápátá. Bí áńpílì yín bá ní bọ́tìnì tó ń gé ìsàlẹ̀ kúrò láti 30 tàbí 40 Hz, ẹ tàn án, ẹ má sì pa á. Ẹ ò ní í mọ̀ pé ohunkóhun lọ, sípíkà yín á sì pẹ́.

* * *

Láti Ṣábẹ̀: “Káfíńtà wa mọṣẹ́. Ṣé kò lè kan àpótí tiwa?”

Ó lè kàn án. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé wọ́n máa ń wọn àpótí ẹlòmíràn, wọ́n á wá fi sípíkà mìíràn sínú rẹ̀. Sípíkà ló ń sọ bí àpótí ṣe máa tóbi tó, ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Thiele àti Small fi lélẹ̀ la sì fi ń mọ̀ ọ́n. Kí ẹ tó gé pákó, ẹ wá ìwé sípíkà náà, kí ẹ wo Fs, Qts àti Vas, àwọn nọ́ńbà tó ń sọ ìwà sípíkà. Bí Qts bá ju 0.5 lọ, ẹ má lu ihò rárá, ẹ dí àpótí náà pa.

Àpẹẹrẹ kan fún 10 méjì tí ìwé wọn gba 60 lítà: inú àpótí á ga ní sẹ̀ǹtímítà 68, á fẹ̀ ní 32, á jìn ní 32. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 70 lítà. Sípíkà, páìpù àti igi ìdè inú rẹ̀ á jẹ nǹkan bíi 10 kúrò. Ẹ to sípíkà méjèèjì lóòró, ẹ fi páìpù PVC méjì tí inú wọn fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí ìsàlẹ̀. Bí páìpù kọ̀ọ̀kan bá gùn ní 24, àpótí á wà ní nǹkan bíi 50 Hz. Bí ẹ bá fà á gùn dé 31, á sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bíi 45, ṣùgbọ́n ẹ ní láti fi kún jíjìn àpótí kí ẹ sì dín fífẹ̀ rẹ̀, nítorí ẹnu páìpù gbọ́dọ̀ jìnnà sí ẹ̀yìn àpótí tó sẹ̀ǹtímítà 10, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ afẹ́fẹ́ á máa súfèé.

Pílíwúùdù mílímítà 18 ni kí ẹ lò. Pákó tí wọ́n fi lúbúlúbú igi lẹ̀ pọ̀ kò dáa fún ẹni tó ń gbé ẹrù kiri. Tí ọ̀rinrin ọ̀sà Àjàṣẹ́ bá wọ̀ ọ́, etí rẹ̀ á wú, ìdè á tú. Ẹ fi gọ́ọ̀mù sí gbogbo ojú ìpàdé kí ẹ tó fi ìdè, ẹ fi igi kan dábùú láàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nítorí pákó tó bá ń gbọ̀n ń jí ohùn yín. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni kí ẹ fi mú sípíkà, ìṣó lásán á tú tó bá pẹ́. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ ta okùn E sókè, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ tí omi wà lára rẹ̀ yí gbogbo ojú ìpàdé ká. Ibi tí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ ni ẹ ó tún dí.

Ní Ṣábẹ̀ àti Kétu, ẹ rán aṣọ bò ó nígbà ọyẹ́. Eruku tó bá wọ àyè tó wà láàárín kọ́ìlì (wáyà wíwé inú sípíkà) àti òòfà ni ẹ ń gbọ́ bíi yíya ohùn.

* * *

Wọ́n tún béèrè pé: “Bí a bá ti so báàsì mọ́ míkísà, tí sípíkà ńlá ń gbé e fún àwùjọ, kí la fẹ́ fi àpótí ṣe?”

Níbi tí sípíkà ńlá bá ti dáa gan-an, ẹ kàn nílò àpótí láti gbọ́ ara yín ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ sípíkà tí wọ́n ń yá fún ìsìnkú, ohùn èèyàn àti dùùrù ni wọ́n lè gbé. Ẹ bá fi báàsì sí i, ọ̀rọ̀ oníwàásù pàápàá á máa gbọ̀n. Níbẹ̀, àpótí yín ló máa gbé gbogbo báàsì.

Bí ẹ ṣe gbé e kalẹ̀ ṣe pàtàkì tó ohun tí ẹ rà. Tí ojú àpótí bá jìnnà sí ògiri ẹ̀yìn ní mítà 1, ohùn tó lọ tó sì padà á pa èyí tó wà ní nǹkan bíi 86 Hz, àárín okùn D àti G yín á sì dà bí ẹni pé ó ṣófo. Ẹ ti ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ògiri. Bí gbọ̀ngàn bá ń hó, ẹ gbé e sórí àga tàbí àpótí mìíràn, kí ẹ yọ ọ́ kúrò ní kọ̀rọ̀. Tí ẹ bá ní 10 méjì méjì, ẹ dá ọ̀kan dúró lórí èkejì kí sípíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Tí ẹ bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ẹni tó dúró ní iwájú gan-an ló máa gbọ́ ọ ketekete, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á máa gbọ́ ohùn tó ń wọlé tó ń jáde.

Wáyà náà ńkọ́? Wáyà gìtá kọ́ ni wáyà sípíkà, bí ẹnu wọn tilẹ̀ jọra. Ti gìtá tín-ín-rín nínú, á gbóná, ike rẹ̀ á yọ́, á sì so pọ̀, áńpílì á lọ. 1.5 mm² tó fún mítà 5, 2.5 mm² fún èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀. Speakon (ẹnu wáyà tí a ń yí kó há) dáa ju jáàkì lọ nítorí pé kì í yọ nígbà tí ẹnìkan bá fẹsẹ̀ kọ́ ọ.

* * *

Onígìtá Kétu padà wá: “A dé Kútọnu. Mo fi mítà wọn 10 méjì náà, 3.1 óòmù ló sọ. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?”

Kò bàjẹ́. Ohun tí mítà ń kà máa ń kéré sí ohun tí wọ́n kọ: àpótí 8 óòmù á kà nǹkan bíi 5.5 sí 6.5, àpótí 4 óòmù á kà 3 sí 3.5. Èyí tí ẹ rí, oní-4 ni. Gbogbo 300 á wọnú sípíkà méjì péré, nítorí náà ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá RMS rẹ̀ tó 300. Ẹ ò sì lè fi ìkejì kún un láé pẹ̀lú áńpílì yẹn.

Bí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ ò ní ra ìkejì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ fi ìka tí bébà náà wọlé bákan náà yíká, díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan ń ha, kọ́ìlì rẹ̀ ti fara kan òòfà. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ láti inú ihò. Òórùn jíjó kì í lọ bọ̀rọ̀. Ẹ mú bátìrì 1.5 fólìtì, ẹ fi orí rẹ̀ kan ẹnu + wáyà àpótí, ìdí rẹ̀ kan ẹnu −: bébà méjèèjì gbọ́dọ̀ jáde síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá jáde tí èkejì wọlé, ẹnìkan ti tú u rí, ó sì so ó padà lódì, ìyẹn ló fà á tí báàsì rẹ̀ á fi rọ̀. Ẹ yí wáyà ọ̀kan nínú wọn padà, á dára, ṣùgbọ́n ẹ fi dúnàá-dúrà pẹ̀lú ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sọ fún un pé àtúnṣe rẹ̀ rọrùn. Lẹ́yìn náà, ẹ ta B, E àti A fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú áńpílì tiyín, kì í ṣe tirẹ̀.

Bí ó bá wà lọ́kàn yín láti fi ìkejì kún un lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ fi èyí sílẹ̀ fún un, kí ẹ ní kó wá oní-8 wá.